ORÍ KEJE: IBO NI ÈÉFÍN WÀ?

Nígbà tí oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ bá dé, tí ọyẹ́ ti sọ̀kalẹ̀ láti ìhà àríwá wá bo Àbújá mọ́lẹ̀, tí ètè ń bẹ́, tí ewé ń gbẹ bí ewé tábà, tí òkè Zuma tó ga fíofío lójú ọ̀nà Kàdúná pàápàá di òjìji lásán nínú eruku, kò sí ọlọ́gbọ́n tí í fi iná ṣeré, nítorí iná, ajó-tútù-mọ́-gbígbẹ, ajẹun-má-yó tí í jẹ ilé tí í jẹ oko, àkókò yìí gan-an ni ebi máa ń pa á jù lọ. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni mo lọ kí bàbá kan ní Kubwa, ọmọ Ọ̀yọ́ tí iṣẹ́ ọba gbé dé Àbújá, ẹni tó fi ìgbà agbára rẹ̀ ṣe iṣẹ́ panápaná kó tó fẹ̀yìn tì. Mo bá a ní pálọ̀, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ mẹ́ta jókòó yí i ká, gbogbo wọn tẹjú mọ́ tẹlifíṣàn, nítorí Chicago Fire, eré àwọn panápaná ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ń wò lọ́wọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Bàbá, ẹ kú ọyẹ́." Ó dá mi lóhùn, ó sì nawọ́ sí àga kan fún mi láì mú ojú kúrò lára àwòrán náà.

Ìran tí irú eré bẹ́ẹ̀ kì í ṣàì ní ni wọ́n wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti wọ inú ilé tó ń jó. Iná pupa fòò ń lá ara ògiri lọ́tùn-ún lósì, gbogbo iyàrá mọ́lẹ̀ kedere bí ilé tí wọ́n tan fìtílà ọdún sí, aṣọ fèrèsé hàn, fọ́tò tí wọ́n gbé kọ́ ògiri hàn, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì ti ṣí ìbòjú rẹ̀ kúrò, ó dúró gangan lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ń pe orúkọ ọmọ kékeré kan. Ọmọ náà dáhùn, ó gbé e lé èjìká, wọ́n jáde síta, orin bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ hó yèè. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn yíjú sí bàbá rẹ̀ àgbà, ó ní, "Bàbá, ṣé bí ẹ̀yin náà ṣe máa ń ṣe é nìyẹn?" Bàbá dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọmọ mi, ibo ni èéfín wà?"

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè yẹn ti há mi lọ́kàn bí eegun ẹja tí í há ni lọ́fun, nítorí mo rí i pé ohun yòówù tí ènìyàn bá fẹ́ sọ nípa bí eré tẹlifíṣàn ṣe bá iṣẹ́ panápaná mu tàbí bí kò ṣe bá a mu, inú ìbéèrè kan ṣoṣo náà ló ti máa jáde. Iná orí tẹlifíṣàn, ìmọ́lẹ̀ ni. Iná tí í jó ilé ọmọ ènìyàn, òkùnkùn ni. Ẹni tó bá sì fi tẹlifíṣàn kọ́ ìwà iná, ẹ̀gbẹ́ ibi tí iná kò ti í sábà pani ni wọ́n fi hàn án, wọ́n sì fi ẹ̀gbẹ́ tó ń pani pamọ́ fún un.

Kì í ṣe pé àwọn tí ń ṣe eré wọ̀nyí jẹ́ òpè. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí Òyìnbó ti ń fi iṣẹ́ panápaná ṣe eré tẹlifíṣàn: ní 1972 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ Emergency! ní Amẹ́ríkà, London's Burning bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí sinimá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1986, ó di eré ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní 1988, kò sì dáwọ́ dúró títí di 2002, Chicago Fire sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Ọ̀wàrà 2012, ó bí àwọn eré mìíràn, àwọn olùdíje rẹ̀ bíi 9-1-1 àti Station 19 sì tẹ̀ lé e ní 2018. Ọ̀gá panápaná kan ní ìlú Chicago, Steve Chikerotis, ti gba àwọn tó ń ṣe Chicago Fire nímọ̀ràn nípa bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Ilé tí olùwòran sì ń rí láti ìta tí wọ́n ń pè ní ilé kọkànléláàádọ́ta, ibùdó panápaná gidi ni, ti ẹgbẹ́ kejìdínlógún ní ìlú náà. Bí wọ́n ṣe ń wọ aṣọ, bí wọ́n ṣe ń fa họ́ọ̀sì, bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn lórí rédíò, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló jọ òótọ́. Wọ́n mọ̀ pé èéfín wà. Ṣùgbọ́n ojú òṣèré ni olùwòran ń bá rìn. Ojú náà ni a fi ń mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á, pé ó ń rántí ìyàwó rẹ̀, pé ó ti pinnu láti má ṣe padà lẹ́yìn. Bí wọ́n bá fi èéfín gidi síbẹ̀, ohun tí àwa yóò máa wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni tẹlifíṣàn dúdú tí ohùn ikọ́ ń ti inú rẹ̀ jáde. Nítorí náà wọ́n ń ti inú páìpù tan iná gáàsì, ẹnì kan sì ń di ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣí i tí wọ́n fi ń pa á mú. Irú gáàsì bẹ́ẹ̀ ń jó mọ́ tónítóní, kò ní ẹ̀ẹ̀dú. Ìkùukùu funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ẹ̀rọ fẹ́ sínú iyàrá ni wọ́n sì ń pè ní èéfín. N kò bá wọn jà lórí èyí. Ohun tí mo ń bá jà ni pé a kò sọ ọ́ fún ẹni tó ń wò ó ní Gwarinpa, tó ní sílíńdà gáàsì kan ní kíṣìnnì àti tìmùtìmù fóòmù mẹ́fà nínú ilé.

Lẹ́yìn tí eré parí, Bàbá ní kí n tẹ̀ lé òun lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó fa fóòmù tí kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ yọ láti inú àga kan tó ti ya, ó gbé e sórí ìdérí ìkòkò tó ti dípẹtà, ó ṣáná sí i. Mo ti ń retí pé yóò rọra máa ràn bí òwú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó kọ́kọ́ súnkì, ó yọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kán tó, tó, tó bí àdí, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan sì ń jó bó ti ń bọ́. Kí n tó kà dé ogún, ó ti di omi dúdú tí ń hó, èéfín sì ń lọ́ jáde lára rẹ̀ bí okùn tí a fi aró pa, ó nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò rí ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Ọ̀fun mi há, omi dà lójú mi. Nígbà náà ni mo tó ṣàkíyèsí pé kí Bàbá tó ṣáná rárá ló ti lọ dúró sí ìhà ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Ó bu yanrìn, ó dà á bò ó. "Irú rẹ̀ náà lo jókòó lé lórí ní pálọ̀ rẹ," ó wí. "Odidi àga ni tìrẹ, kì í ṣe ìkúùkù."

Èéfín kì í ṣe òjìji iná. Ohun tí iná jẹ tí kò jẹ tán ni, oúnjẹ tó ṣẹ́kù lẹ́nu rẹ̀, tí ó sì tún lè padà wá jẹ. Ní ayé àwọn baba wa, ẹní, àpótí igi, aṣọ òwú àti ìkòkò amọ̀ ló wà nínú iyàrá, iná sì ní láti ṣe làálàá kó tó mú wọn. Ní òní, fóòmù, ike, ọ̀rá àti kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi nǹkan tó ti inú epo rọ̀bì wá ṣe ló kún ilé wa, tó fi jẹ́ pé ẹni tó sùn lórí tìmùtìmù, orí epo tó dì ló sùn sí. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ UL tó ń dán ohun èlò wò kọ́ iyàrá ìgbàlejò tó jọra, wọ́n fi ohun èlò ayé àtijọ́ sínú ọ̀kan, wọ́n fi tòde òní sínú èkejì, wọ́n sì tan iná sí wọn. Iyàrá àtijọ́ náà jó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 29 kí gbogbo rẹ̀ tó gbiná. Ti òde òní kò tó ìṣẹ́jú 5.

Ọ̀rọ̀ náà pé "gbogbo rẹ̀ gbiná" yẹ ní àlàyé, nítorí ohun tí àwọn panápaná ń bẹ̀rù jù lọ ló wà nínú rẹ̀. Bí iná ti ń jó ní igun iyàrá, èéfín gbígbóná ń gòkè lọ sábẹ́ àjà, ó ń kóra jọ níbẹ̀, ó ń nípọn, ó ń sọ̀kalẹ̀ wá díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fi aṣọ bo iyàrá láti òkè. Ooru ń ti inú rẹ̀ ràn sílẹ̀, àga tí iná kò tíì kàn ti ń yọ èéfín tirẹ̀, tábìlì bẹ́ẹ̀, aṣọ fèrèsé bẹ́ẹ̀. Nígbà tí abẹ́ àjà bá fi gbóná tó ìwọ̀n 500 sí 600 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kì í tún ṣe pé iná ń ràn láti ibì kan dé ibòmíràn mọ́: gbogbo ohun tó wà nínú iyàrá náà, tó fi mọ́ èéfín fúnra rẹ̀, yóò gbiná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Kò sí aṣọ panápaná tó lè gba ènìyàn níbẹ̀ pẹ́. Nínú eré, iná ń dúró de ènìyàn kó sọ̀rọ̀ tán; iná gidi kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Síbẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ iná ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tó kú sínú ilé tó jó ti kú. Èéfín ló ti pa wọ́n kí iná tó dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn mìíràn sì wà lórí ibùsùn tí wọn kò tilẹ̀ jí. Afẹ́fẹ́ kan wà nínú èéfín tí a ń pè ní carbon monoxide, tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, òun náà ló máa ń pa ìdílé tó bá gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ilé sùn. Ohun pupa tí ń gbé ọ́síjìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀ wa fẹ́ràn afẹ́fẹ́ yìí ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200, tó fi jẹ́ pé bí méjèèjì bá dé ẹnu ọ̀nà pọ̀, àlejò búburú ni yóò wọlé, onílé yóò sì dúró síta. Èéfín fóòmù tún ní sáyánáìdì nínú, májèlé tí kì í jẹ́ kí ẹran ara lo ọ́síjìn tí ẹ̀jẹ̀ bá gbé dé. Orí ń fọ́ ènìyàn, ọgbọ́n rẹ̀ ń rà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, ilẹ̀kùn tó ti ń gba ibẹ̀ wọlé fún ogún ọdún kò sì ní lè rí. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Òótọ́ ni nínú ọ̀fọ̀, ṣùgbọ́n nínú èéfín, ẹkún ń bẹ, ìríran kò sí.

Ìdí nìyí tí panápaná gidi kì í fi í dúró gangan bí akọni inú eré. Ó ń rákòrò ni, nítorí ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́kù, nítòsí ilẹ̀ ló wà, ibẹ̀ náà ni ooru ti kéré jù. Ọwọ́ rẹ̀ kan kò gbọdọ̀ kúrò lára ògiri, tàbí kó di họ́ọ̀sì tó mú wọlé mú, nítorí bó bá sọ ọ́ nù, ó ti sọ ọ̀nà nù. Ó ń ka ilẹ̀kùn. Ó ń na ọwọ́ sábẹ́ ibùsùn àti sínú kọ́bọ́ọ̀dù, nítorí ọmọdé kì í dúró ní àárín iyàrá pe ẹni tó wá gbà á. Ó máa ń sá pamọ́ fún iná bó ṣe ń sá pamọ́ fún bàbá rẹ̀ tó ń bínú, panápaná tó fi ìbòjú bojú, tó ń mí bí ẹranko inú ìtàn, sì tún ń dẹ́rù bà á. Bàbá sọ fún mi pé nínú gbogbo ọdún tí òun fi ṣiṣẹ́, ohun tí ọwọ́ òun rántí pọ̀ ju ohun tí ojú òun rántí lọ. Ohun kan sì wà tí kò ní í hàn nínú eré láé, nítorí kò ní ẹwà: ilẹ̀kùn tí a pa dé. Iyàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ nígbà tí iná ń jó ní pálọ̀ lè jẹ́ ibi tí ènìyàn ṣì ń mí, nígbà tí iyàrá kejì tí a ṣí sílẹ̀ ti di ààrò. Nínú eré, gbogbo ilẹ̀kùn ló wà ní ṣíṣí, kí iná lè ríbi yọjú.

Sílíńdà tí wọ́n ń pọ̀n sẹ́yìn náà, àwọn òṣèré a máa pè é ní ọ́síjìn. Kì í ṣe ọ́síjìn. Afẹ́fẹ́ tí èmi àti ìwọ ń mí ni, tí wọ́n fi ẹ̀rọ tì mọ́ra. Ẹni tó bá gbé ọ́síjìn pọ́nbélé wọ inú iná, ó gbé ohun tí ń ṣìkẹ́ iná lọ bá a nílé. Èyí tí wọ́n kọ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí lára kì í tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún ẹni tí ń fa họ́ọ̀sì gun àtẹ̀gùn, nítorí ẹni tó ń ṣe wàhálà ń mí ju ẹni tó jókòó lọ. Nígbà tó bá kù díẹ̀, fèrè kan yóò máa dún lára rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ jáde, kódà bó bá gbọ́ ohùn níwájú. Aṣọ, àṣíborí, bàtà àti sílíńdà yẹn papọ̀ lè ju ogún kílò lọ, bí ẹni tó pọn ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń rákòrò. Ní Àbújá, nínú oṣù Ẹrẹ́nà tí oòrùn ti ń yan ọ̀dà ojú títì, ara ẹni náà ti gbóná kó tó rí iná rárá. Òṣèré tó bá ṣí ìbòjú rẹ̀ kó lè sọ̀rọ̀ ìfẹ́ nínú iyàrá tó ń jó, bó bá jẹ́ nínú iná gidi ni, ìwọ̀nba èémí díẹ̀ ló kù fún un.

Àwọn nǹkan mìíràn wà tí n kò ní pẹ́ lórí wọn. Ọkọ̀ tó bá gbiná kì í sábà bú gbàmù gbé ara rẹ̀ sókè. Ó ń jó ni. Ẹ̀rọ tí ń rọ òjò láti àjà kì í rọ ní gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí ooru bá kàn nìkan ló ń là, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní nǹkan bí ìwọ̀n 68 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Iná ńlá kì í sì í wáyé lójoojúmọ́: ní Amẹ́ríkà níbi tí eré náà ti wá, nínú ìpè 100 tó ń dé etí àwọn panápaná, nǹkan bí 4 péré ni iná; ẹni tó ṣubú, ẹni tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ dáwọ́ dúró, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ run mọ́ inú rẹ̀, àwọn ni wọ́n pọ̀ jù. Àkàbà orí ọkọ̀ panápaná tí í kan ojú ọ̀run nínú eré, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í kọjá nǹkan bí ọgbọ̀n mítà. Cocoa House ní Ìbàdàn, tí a kọ́ tán ní 1965, ní àjà 26, ó sì ga tó nǹkan bí 105 mítà. Nígbà tí iná mú un ní ọjọ́ 9 oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 1985, kò sí irú àkàbà bẹ́ẹ̀ tó lè dé orí rẹ̀, ó sì di 1992 kó tó tún ṣeé lò. Irú ilé gíga bẹ́ẹ̀, láti inú rẹ̀ ni a ti í bá iná jà, pẹ̀lú ẹsẹ̀, lórí àtẹ̀gùn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ omi, n kò lè kọjá rẹ̀ kíákíá, nítorí òun ló ń fa ìjà láàárín àwọn panápaná wa àti àwọn tí wọ́n wá ràn lọ́wọ́. Nínú eré, omi kì í tán. Họ́ọ̀sì ń tú u jáde bí odò Ògùn ní ìgbà òjò, kò sí ẹni tó ń béèrè ibi tó ti ń wá, nítorí lábẹ́ títì Chicago ni páìpù omi wà, ojú rẹ̀ sì yọ sókè ní ẹ̀bá ọ̀nà káàkiri. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, omi tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ ni omi. Ká ní ọkọ̀ kan gbé 10,000 lítà dé, tí họ́ọ̀sì kan sì ń tú 500 lítà jáde ní ìṣẹ́jú kan: ogún ìṣẹ́jú ni omi náà yóò tó. Bí họ́ọ̀sì bá di méjì, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn èyí, ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ lọ pọn omi wá, yóò sì bá sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ tí kò mọ̀ pé iná ń jó. Àwọn tó dúró wò ó, tí wọ́n ti rí i nínú eré pé omi panápaná kò ní òpin, yóò pariwo pé, "Wọn ò gbómi wá!" Òkúta yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Ó ti ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ní orílẹ̀-èdè yìí pé wọ́n lu panápaná, pé wọ́n fọ́ dígí ọkọ̀ rẹ̀, tí ilé tí wọ́n wá gbà là sì jó tán lójú gbogbo wọn. Bàbá ní àpá kan lókè ojú òsì rẹ̀. Kì í ṣe iná ló dá a sí i.

N kò sọ pé ẹjọ́ ará ìlú nìkan ni. Iṣẹ́ panápaná ìjọba ní Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ láti 1901, lábẹ́ ọlọ́pàá ní Èkó, òfin tó dá a dúró gẹ́gẹ́ bí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ sì jáde ní 1963. Àbújá fúnra rẹ̀ ní ti ìjọba àpapọ̀, ó tún ní ti àwọn aláṣẹ olú-ìlú. Síbẹ̀, ìlú tí a ya àwòrán rẹ̀ sórí bébà lẹ́yìn òfin 1976 tó dá a sílẹ̀, tó di olú-ìlú ní tòótọ́ ní ọjọ́ 12 oṣù Ọ̀pẹ 1991, ti gbòòrò kọjá ohun tí àwọn tó yà á rò, àwọn ènìyàn sì ti kún Nyanya, Mpape, Lugbe àti Mararaba tó wà lódì-kejì ààlà, ní ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ panápaná kò lè yà sí. Nígbà tí iná ṣẹ́ yọ ní Treasury House ní Garki ní ọjọ́ 8 oṣù Igbe 2020, tó tún ṣẹ́ yọ ní olú-iléeṣẹ́ àjọ elétò ìdìbò ní ọjọ́ 17 oṣù kan náà, àárín ìlú ni méjèèjì wà, ìgbà náà sì jẹ́ ìgbà ìséde kòrónà tí ojú títì dá páropáro. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ Mpape kò ní irú oore bẹ́ẹ̀. Fún un, ìṣẹ́jú tó fi sọ iye ẹni tó wà nínú ilé àti àmì ojúlé tó dájú fún ẹni tó gbé ìpè 112, ṣe iyebíye ju ìṣẹ́jú tó fi gbé fóònù sókè láti ya fídíò lọ.

Lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì 2021, nígbà tí ilé ìtajà ńlá Next Cash and Carry jó ní apá Jahi ní Àbújá, èéfín dúdú ló dìde sójú ọ̀run, àwọn tó wà lọ́nà jíjìn rí i kí wọ́n tó rí ọwọ́ iná kankan. Mo rántí bí mo ṣe wò ó. Ohun tí Bàbá béèrè lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀ lójú ọ̀run, ó ga, ó ṣú, ó ń yí bí òjò tó fẹ́ rọ̀.

Irú iná kan sì wà tí àwọn eré Òyìnbó kò kọ́ wa rárá, bẹ́ẹ̀ ó ń pa wá lọ́pọ̀lọpọ̀ ní ojú ọ̀nà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2025, ní oríta Dikko, nítòsí Suleja ní ìpínlẹ̀ Niger, ọkọ̀ táńkà tó gbé nǹkan bí 60,000 lítà bẹntiróòlù dojú dé. Àwọn ènìyàn ṣàn wá pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì àti bókẹ́ẹ̀tì. Epo náà gbiná, ó sì lé ní 80 ẹ̀mí tó bá a lọ. Ohun tí ojú kò rí níbẹ̀ ni pé kì í ṣe epo tó ṣàn sílẹ̀ gan-an ló ń gbiná, bí kò ṣe gáàsì tó ń ti ara rẹ̀ dìde, tí kò ní àwọ̀, tó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, tó ń rápálá lórí ilẹ̀ lọ sínú kòtò àti gọ́tà, títí yóò fi bá sáfúlẹ́ǹsà ọ̀kadà kan pàdé, tàbí irin tó fi ara gbo irin. Omi kò pa irú iná bẹ́ẹ̀. Bẹntiróòlù yóò léfòó lórí omi, yóò sì máa jó lọ bá ẹni tó dúró níwájú. Ìfóòfó pàtàkì kan ni wọ́n ń fi bò ó, bí ẹni fi aṣọ bo òkú. Ẹ̀dùn mi ni pé òṣì ló gbé ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn dé ìdí táńkà. Síbẹ̀, bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ti mọ̀ pé iná náà ti yí wọn ká kó tó hàn, bóyá díẹ̀ nínú wọn ì bá dúró lókèèrè.

Wọ́n ní iná kú, ó feérú bojú. Ibi tí iná bá ti feérú bojú ni eré máa ń parí sí: wọ́n ti padà sí ibùdó, wọ́n ti wẹ̀, wọ́n wà nílé ọtí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Panápaná gidi ṣì wà níbi iná. Ó ń fi irin tú àjà, ó ń gbọ́n eérú, ó ń wá ẹyin iná tó sá pamọ́ sínú ògiri, nítorí bí ó bá fi ọ̀kan sílẹ̀, òun ni wọn yóò tún pè ní òru. Láàárín iṣẹ́ tó ń súni yìí ni àwọn kan máa ń ṣí ìbòjú, torí iná ti kú. Bẹ́ẹ̀ májèlé ṣì ń ti inú eérú jáde, ẹ̀ẹ̀dú dúdú sì ti gba ara aṣọ wọ awọ ara. Ní 2022, àjọ tí ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé iṣẹ́ panápaná fúnra rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Aṣọ tó ní èérí èéfín, tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi yangàn pé àmì akíkanjú ni, ohun tó yẹ ká fọ̀ kíákíá ni, kó má sì wọ inú ilé. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ìdajì àwọn panápaná tó kú lẹ́nu iṣẹ́, àrùn ọkàn ló pa wọ́n, kì í ṣe iná: agogo dún lóru, ara fò sókè láti inú oorun wọ inú ooru àti ẹrù ogún kílò, ọkàn kò gbà á.

Mo gbọ́dọ̀ fún eré ní ohun tó jẹ́ ti eré. Bí àwọn ènìyàn kan ṣe lè máa se ọbẹ̀, kí wọ́n máa bá ara wọn jiyàn bọ́ọ̀lù, kí agogo dún, kí wọ́n sì fi ṣíbí sílẹ̀ láì parí gbólóhùn tó wà lẹ́nu wọn. Bí ẹni kan kò ṣe lè wọlé láì ní ẹnì kejì lẹ́yìn. Bí òkú ọmọ kan ṣe lè bá ọkùnrin tó gbé e jáde lọ sílé, kó sì máa bá a gbé: Bàbá ní òtítọ́ pọ́nbélé ni gbogbo èyí, òun sì ti sunkún nídìí Chicago Fire nítorí rẹ̀ rí, nígbà tí àwọn ọmọ ti sùn.

Ilẹ̀ ti ṣú gan-an nígbà tí mo fẹ́ dìde. Bàbá sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó ní kí n dúró díẹ̀. Ó wọ kíṣìnnì, mo gbọ́ tó yí orí sílíńdà gáàsì pa, mo sì rí i tó tẹríba, tó ń gbóòórùn nítòsí ilẹ̀, níbi tí gáàsì tó bá jò ti máa ń lọ lúgọ sí. Ó yọ okùn tẹlifíṣàn lára iná. Ó lọ sí ẹnu iyàrá àwọn ọmọ, ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Èyí tó kéré jù pè láti inú lọ́hùn-ún pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i sílẹ̀ díẹ̀, òkùnkùn ń bà mí lẹ́rù." Bàbá wọlé, ó gbé tọ́ọ̀ṣì kékeré kan tó ti tàn sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí ọmọ náà, ó jáde, ó sì fa ilẹ̀kùn mọ́ wọn, títí mo fi gbọ́ tó ro kà.